Keziah àti Igi Ìgbọ́wọ́lé

Ní ilé iṣẹ́ táìlì kan ní Burslem, ìlú àwọn amọ̀kòkò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí èéfín ààrò kì í jẹ́ kí aṣọ funfun gbẹ ní funfun, kò sẹ́ni tó mọ ojú ọmọdé yà bíi Keziah Machin. Nígbà òtútù ọdún kan, wọ́n gbé iṣẹ́ ńlá fún un: àwòrán orí táìlì, ti àwọn ọmọ tó ń ṣeré, tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn ní ọsibítù. Ọmọbìnrin kan wà lórí jáńgílọ́fà, èkejì ń fi ọ̀pá yí òrùka irin ńlá kan nílẹ̀, ọmọkùnrin kan ṣubú sómi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ apá ń ro Keziah. Àwọn ayàwòrán ọkùnrin ní igi tí wọ́n ń gbé ọrùn ọwọ́ lé kí búrọ́ọ̀ṣì má baà gbọ̀n, wọ́n sì ti ṣòfin pé obìnrin ò gbọdọ̀ lò ó. Wọ́n mọ̀ pé bí ọwọ́ obìnrin bá fi lè dúró ṣinṣin, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn nìyẹn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Keziah gé igi ìdí ìgbálẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé e wá síbi iṣẹ́. Kò tíì ya ojú kan tán tí Enoch Tunnicliffe, olórí àwọn ọkùnrin náà, fi dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Keziah, kí lo gbọ́wọ́ lé yẹn?"

"Igi ìgbálẹ̀ ni, sà. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ìgbálẹ̀ ló yẹ obìnrin."

Àwọn obìnrin yòókù tó ń yàwòrán níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Enoch já igi náà gbà, ó fi orúnkún dá a sí méjì.

Keziah ò sunkún. Ni Selina Colclough, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún tó jókòó tì í, bá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú àwòrán náà.

"Gbọ́wọ́ lé èjìká mi, ọmọ mi."

"Iṣẹ́ tiyín ńkọ́, mà?"

"Iṣẹ́ kì í tán láyé. Kùn ún jàre!"

Enoch gbaná jẹ. "Ẹ fẹ́ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ṣé òfin yín dárúkọ èjìká ni?" Selina dá a lóhùn. "Ó dáa, wá fi orúnkún dá òun náà."

Àwọn ọkùnrin fìbínú jáde. Òjò ló lé wọn padà wọlé. Lójoojúmọ́ ni obìnrin mìíràn ń yá Keziah léjìká, títí iṣẹ́ náà fi parí. Ọjọ́ tí àwọn táìlì náà jáde nínú ààrò láìsí èyí tó sán ni ọ̀gá ilé iṣẹ́, tí àwọn ọkùnrin ti fẹjọ́ sùn, ní kí Keziah máa lọ sílé bí kò bá ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Enoch.

"Mo ti gbọ́, sà," ni Keziah wí. "Àmọ́ mi ò ní tọrọ àforíjì."

Ó lọ bá amọ̀kòkò kan tó ní ààrò kékeré nísàlẹ̀ òkè, ó ní òun fẹ́ máa ya táìlì, ṣùgbọ́n òun máa gbọ́wọ́ lé igi o.

Bàbá amọ̀kòkò náà dá a lóhùn. "Bó bá wù ọ́, gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ṣáà ti mọ̀ ọ́n yà."

Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, Selina ti bá a débẹ̀, òun àti obìnrin méjì mìíràn.