Òyìnbó Tí Mo Kọ́ Nítorí Títílọpẹ́

Ọmọ ọmọ mi kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ má rò pé Ìlú Ọba ni wọ́n ti bí i o. Ìkòròdú ni, nínú ẹ́sítéètì kan tí wọ́n fi géètì sé. Adéṣínà ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ń jí lọ síṣẹ́ ní Marina kí ilẹ̀ tó mọ́, òyìnbó tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé bọ̀ wálé. Nígbà tí Títílọpẹ́ wá kí mi ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún tó kọjá, èmi àti ẹ̀ kàn ń wo ara wa bí ẹni tó pàdé ní ọsibítù. Kò sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi. Ó dùn mí wọra.

Mo ní tó bá jẹ́ òyìnbó ló máa mú un sùn nílé mi, màá kọ́ ọ. Munirah, ọmọ aládùúgbò mi tó jẹ́ tíṣà, ń wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo ń yan ẹja, ó ń kọ́ mi: can, will, must, may. Ó ní kí n má fi must bá ọmọdé sọ̀rọ̀, pé ó le jù. Bí mo bá ní o gbọ́dọ̀ jẹun, ṣé ìfẹ́ kọ́ nìyẹn? May ló wá bí mi nínú jù.

"Kí n máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí baba ẹ̀?"

Munirah rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ kàn sọ pé, 'Will you stay with me?'"

Mo ń wí i nídìí ẹja, mo ń wí i lẹ́yìn ìrun.

Ọjọ́ Sátidé ni Adéṣínà gbé Títílọpẹ́ dé. Ọmọ náà gbé báàgì dání. Mo sọ ọ́ láìkọsẹ̀: "Títílọpẹ́, will you stay with me?"

Ojú rẹ̀ tàn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, òyìnbó ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Ìbéèrè ni Munirah kọ́ mi, kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìdáhùn. Adéṣínà wà níta, n kò sì fẹ́ kó mọ̀ pé n kò gbọ́. Àwa àgbà, bí òyìnbó bá ju tiwa lọ, ẹ̀rín la máa ń rín, a ó sì mirí.

"Yes," mo ní. "Yes, yes."

Ó wò mí. Ó tún béèrè nǹkan kan, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo tún ní yes. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ baba rẹ̀. Mo gbà pé ó kọ̀ mí ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n lọ.

Wọ́n ti ń sún mọ́ Agbọ́wá kí Adéṣínà tó pè mí.

"Màmá, kí ló dé? Ọmọ yìí ò yé sunkún. Ó ní òun fẹ́ lo họlidé lọ́dọ̀ yín. Ó wá bi yín pé ṣé òun máa dí yín lọ́wọ́, ṣé kóun máa bá Daddy lọ. Ẹ ní yes."

Mo ní kó gbé fóònù sí i létí. Gbogbo òyìnbó Munirah ti fò lọ.

"Títílọpẹ́," mo ní, "àárò ẹ ń sọ mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ mí."

Ó bi baba rẹ̀ pé, "Daddy, what is àárò?"

Mo ń dúró kí Adéṣínà, ẹni tó ń fi òyìnbó jẹun ní Marina, sọ ọ́ fún un. Ohun tí mo gbọ́ ni pé òun náà ń fa imú.