Ìka Tí Gómìnà Nà

Ìyá Bísí, fara balẹ̀ kí n rọ́ àlá tí mo lá fún ọ. Gómìnà wà nílé ìdáná wa, ó ń jẹ ẹran inú ọbẹ̀ wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló jẹ owó ìlú tí gbogbo nǹkan fi dẹnu kọlẹ̀? Gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn."

Ó ní, "Gómìnà àná ni," ó wá na ìka sójú fèrèsé. Ìka náà ń gùn sí i. Ó gba fèrèsé jáde, ó la ọjà kọjá, àwọn obìnrin sì ń sá aṣọ lé e lórí. Ó dé ọ̀dọ̀ gómìnà àná, ìyẹn náà tì í dànù, ló bá yí ìlú po, ó padà wá dúró sórí imú mi.

Gómìnà ní, "Àṣé ìwọ ni. Ta ló ní kí o máa jẹ ẹran?"

Mo ní, "Èyí tó wà lẹ́nu yín ńkọ́, sà?"

Ó ní, "Ti ìjọba nìyí."

Inú bí mi, mo ki ìka náà bọ ẹnu, mo gé e jẹ. Ìgbà tí o kígbe ni mo tó mọ̀ pé ìka tìrẹ ni.