Lẹ́tà Mẹ́rìndínlógún Nínú Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá

Ọdún mẹ́fà ni ọkùnrin awọnlẹ̀ kan àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ fi jọ ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ṣoṣo, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Awọnlẹ̀ ni ọ̀gá, Ẹ̀gbọ́n ni akọ̀wé, àmọ́ Ẹ̀gbọ́n ló ń pàṣẹ. Bí ẹni ń bá ọmọ wí ló ṣe ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Tí ọ̀gá bá ní kó tẹ nǹkan, á ní, "Jókòó ná, mò ń ronú." Ta ló sì fẹ́ lé ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ níṣẹ́, kó tún wá délé jẹun?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, kọ̀ǹpútà ọ̀gá kọṣẹ́. Ó ti ń falẹ̀ tipẹ́: èèyàn á tẹ bọ́tìnnì kan, á lọ tọ̀, á padà dé kí lẹ́tà kan tó yọjú. Wọ́n bá pe obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Obìnrin náà yẹ inú ẹ̀ wò. "Pàǹtí ló kún ibí, sà. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá kú lójijì níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé, ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ síbì kan. Òun náà ló yẹ kó padà wá kó o dànù, àmọ́ kò kó o."

"Bá mi kó gbogbo ẹ̀ dànù," ni ọ̀gá wí.

"Èmi kì í pa fáìlì ẹni rẹ́ láì kọ́kọ́ kà á sí i létí, sà. Ó ti kó bá mi rí." Ó ṣí ọ̀kan, ó sì kà á: "'Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́...' Ibẹ̀ ló parí sí."

Ẹ̀gbọ́n yọ gíláàsì ojú ẹ̀. "Máa kà á lọ, ọmọ mi."

Ọ̀gá wo ilẹ̀ bóyá á lanu. Ilẹ̀ ò lanu.

Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Nínú ẹ̀kẹta, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sinmi. Nínú ẹ̀kẹsàn-án, ó ní dókítà ló ní kí òun máa dá jókòó. Nínú ẹ̀kẹtàlá, ara ẹ̀ gan-an ló dá dúró, ó sì gbé ọ́fíìsì fún Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wá wo ojú ẹ̀rọ. "Ìwọ lo tẹ eléyìí fúnra ẹ?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Àbájọ. Ìlà méjì, àṣìṣe mẹ́rin. Èyí lo fẹ́ fi lé ẹni tó ti ń tẹ̀wé fún ọdún mọ́kànlélógún?"

Obìnrin náà ti sún sídìí kọ̀ǹpútà kejì.

"Tèmi mọ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí kíákíá. "Má yọ ara ẹ lẹ́nu."

"Ogún ló wà níbí, mà. 'Ọkọ àbúrò mi, iṣẹ́ yìí ti sú mi, mo fẹ́ fi í sílẹ̀...' Ibẹ̀ lòun náà parí sí."

Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń fi bàtà tuntun rìn kó-kò-kó.

"Ogún, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo rò pé àbúrò mi á ní mo já ẹ jù sílẹ̀ ni."

"Èmi náà rò pé á ní mo lé yín ni."

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Ṣé kí n wá pa wọ́n rẹ́?" ni obìnrin náà bi wọ́n.

Àwọn méjèèjì jọ dáhùn pé kó pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó tẹ lẹ́tà ara ẹ̀, ojú ìwé kan, kò sí àṣìṣe kankan: ọjọ́ Ẹtì ni òun máa ṣiṣẹ́ mọ. Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ni ọ̀gá bá dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Ta ló máa sọ fún un nílé?"

"Ìwọ lo fẹ́ ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n."

Orí àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n ṣì wà tí oníbàtà fi kó ọjà ẹ̀ wọlé.