Ta Lò Ń Ṣojú Fún?

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ẹni tí a ní kó féni lójú tó jata sẹ́nu: irú wọn kì í wọlé lọ́wọ́ òfo. Onishi, éjẹ́ǹtì tó ń bá Màmá Tokie ta ilé, gbé páálí àkàrà dídùn síwájú rẹ̀, ó tẹríba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní.

"Màmá, ẹ má bínú. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, eṣinṣin ò bà lé ilé yìí. Ẹ jẹ́ ká já iye rẹ̀ wálẹ̀."

Tokie bu tíì fún un. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àtẹ̀gùn ilé ti ń bà á lẹ́rù. Yàrá kan wà tí wọ́n ń bá a dì mú nílé àwọn arúgbó ní Hiroshima, lẹ́bàá ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Owó ilé yìí ni yóò fi gbà á. Tó bá ta ilé lọ́pọ̀, yàrá bọ́ nìyẹn.

Nígbà tó ń fa ilé lé Onishi lọ́wọ́, kò bi í ní nǹkan kan. Bàbá Onishi ló ta ilẹ̀ tí ilé náà wà fún ọkọ rẹ̀. Ní Matsuyama, ìlú wọn, ta ni yóò jókòó síwájú ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó máa wádìí rẹ̀ bí olè? Ìtìjú ò jẹ́. Ó kàn tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àdéhùn pé Onishi nìkan ni yóò tà á.

Àfi bí Fusae, àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣe já wọlé láàárọ̀ yìí. Éjẹ́ǹtì ilé ni Kengo ọmọ Fusae náà, ní ìlú Imabari. Ó rí oníbàárà fún ilé Tokie, ó pe ọ́fíìsì Onishi, wọ́n ní ilé náà ti lẹ́ni tó ń rà á.

"Ìyàwó wa," ni Fusae wí, "wọ́n ti ń ta ilé mọ́ ẹ lórí, o ń fọn iná tíì! Onishi fẹ́ gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, kó tún gbà á lọ́wọ́ ẹni tó máa rà á. Ló ṣe ń lé oníbàárà ẹlòmíì dànù."

Tokie tan tùràrí níwájú àwòrán ọkọ rẹ̀ olóògbé, ó gbàdúrà pé kí ìtìjú má gba ilé lọ́wọ́ òun.

Ní báyìí, ó gbójú sókè.

"Onishi, ta lò ń ṣojú fún? Èmi ni, àbí ẹni tó fẹ́ rà á?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, ìyá mi mà lẹ jẹ́! Bàbá mi máa ń sọ pé..."

"Bàbá ẹ ti sùn. Ìwọ ni mò ń bi."

"Bi í dáadáa!" Ohùn Fusae jáde láti ilé ìdáná. "Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà!"

"Ṣé éjẹ́ǹtì míì ti pe ọ́fíìsì yín nítorí ilé mi?" ni Tokie bi í.

"Rárá o, Màmá. Ẹyọ ẹnì kan ò pè."

"Láti Imabari ńkọ́?"

Ife tíì dá dúró kó tó kan ètè rẹ̀. "Ó... bóyá àwọn ọmọ ọ́fíìsì..."

"Wọ́n kú iṣẹ́!" ni Fusae ké. "Ẹ̀yìn wọn làgbà ń sá sí!"

Etí Onishi pọ́n wẹ̀ẹ̀. Tokie kò pariwo. Ó fún un ní nọ́ńbà Kengo.

"Jọ̀ọ́, pè é níwájú mi báyìí. Sọ fún un pé ilé mi ṣì wà, kó mú oníbàárà rẹ̀ wá wò ó."