Ojú Mujeebat Lórí Tẹlifíṣọ̀n Ńlá

"Ihò yẹ́lò dà? Ihò pupa dà?" Misbaudeen, ọmọ àdúgbò tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, kúnlẹ̀ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tuntun náà, ó ń fi ìka wá ibi tí òun yóò ki wáyà ẹ̀rọ síídì bọ̀. Kò rí i. Ihò pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, orí wáyà àtijọ́ sì rèé, róbótó mẹ́ta.

Waliyat jókòó sórí àpótí, ó fi ìborùn wé síídì kan sórí itan bí ọmọ ìkókó. Máṣínnì tó fi ogún ọdún ránṣọ fún àwọn ará Mápó ló tà láti ra tẹlifíṣọ̀n yìí. Àwọn ará ilé bá a wí títí ó fi sú wọn. Kí ni ìyá arúgbó fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ńlá ṣe? Wọn ò mọ̀ pé ojú ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rí.

Ọdún kejìlá rèé tí Mujeebat ti kú, oṣù méjì péré lẹ́yìn wòlímọ̀ rẹ̀, ayẹyẹ tí wọ́n ṣe nígbà tó ka Kùránì parí lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Omíyalé gbé gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ. Fídíò wòlímọ̀ tó wà nínú síídì yìí nìkan ló kù, ẹ̀gbọ́n Waliyat ní Òkè Àdó ló sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́, kí ẹkún má baà pa á. Oṣù tó kọjá ni wọ́n jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà nílé ẹ̀gbọ́n náà. Ojú ọmọ ò hàn, àfi bí ẹni tó wà lẹ́yìn èéfín. Waliyat di ẹ̀bi ru tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ta tẹlifíṣọ̀n l'Ọ́jà'ba wá sọ fún un pé HD, irú tuntun tó mọ́ kedere, máa ń fi irun imú èèyàn hàn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Òun lòun sin ọmọ. Kí òun ṣáà rí ojú rẹ̀.

Misbaudeen lọ sí Bẹẹrẹ, ó sì mú àpótí kékeré kan bọ̀.

"Ìyá, èyí ló máa so wọ́n pọ̀. Wáyà àtijọ́ á wọlé níbí, tuntun á jáde lọ́hùn-ún."

"Á wá mọ́ kedere?"

Misbaudeen gba síídì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú ẹ̀rọ. Ó tan án.

Ọmọ náà yọ, ó tóbi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, igun mẹ́rin mẹ́rin. Èèyàn ò lè mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu.

"Bóyá o ò so ó dáadáa."

"Mo so ó, Ìyá." Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "HD ni tẹlifíṣọ̀n yín lóòótọ́. Síídì yín ni kì í ṣe HD. Ohun tí kámẹ́rà ò bá rí lọ́jọ́ náà, kò sí tẹlifíṣọ̀n tó lè rí i lónìí. Ó yẹ kí ẹni tó tà á ti sọ fún yín."

Waliyat nawọ́ dá a dúró. "Má pa á," ó ní. "Jẹ́ kó máa lọ."

Mujeebat wà lórí ẹní láàárín àwọn ọmọ mìíràn, ó tẹ orí ba wàláà rẹ̀. Ó kàn án láti ké Kùránì. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ojú ọmọ náà sì ń mọ́ bọ̀. Waliyat dìde. Ìpéǹpéjú yọ. Ọmọ náà ń gbé orí sókè.

Ọwọ́ kan yọ sínú àwòrán, ó ń pe kámẹ́rà, òrùka wúrà wà ní ìka rẹ̀. Ohùn obìnrin kan sọ pé, "Yà wá níbí! Èmi ni mo bí i!"

Kámẹ́rà yà. Ojú Waliyat kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́ tónítóní: tìróò, àtíkè, eyín tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kámẹ́rà ò sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà, ààfáà ti ń ṣe àdúà ìparí, àwọn ọmọ sì ti lọ jẹun.

Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré, Waliyat ti rò pé òjìji ni ọwọ́ yẹn, ẹkún ò sì jẹ́ kó wo èyí tó tẹ̀ lé e.

"Ìyá," Misbaudeen sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ṣé kí n bá yín gbé e padà fún ọkùnrin tó tà á fún yín? Ó lè gbà á."

Waliyat jókòó padà sórí àpótí.

"Má yọ ọ́ lẹ́nu," ó ní. "Kò sí nǹkan tó ṣe tẹlifíṣọ̀n náà."