Ohùn Méjì Nílùú Awó

Ní ìlú àwọn awó, lábẹ́ igi ayùnrẹ́ kan létí odò, gbogbo nǹkan ló ní ètò. Ọba wọn, Aláyùnrẹ́, ló máa ń kọ́kọ́ mumi láàárọ̀, àwọn ìjòyè á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni yóò tó kan àwọn aya àti ọmọ. Òfin kan sì wà tí wọn kì í fi ṣeré: akọ nìkan ló gbọ́dọ̀ kígbe ìkìlọ̀ fún ìlú. Bí ewu bá yọjú, Láwọyin, Olórí Akígbe, á gun orí ẹ̀ka, á na ọrùn, á sì ké pé, "Kẹ́!"

Ohùn kan ṣoṣo tí akọ awó ní nìyẹn. Àwọn abo lè ké "Kẹ́!" bí ọkọ wọn, wọ́n sì tún ní òmíràn tó pín sí méjì, "Kẹ́-kùn! Kẹ́-kùn!", ṣùgbọ́n inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń lò ó, láti fi bá ọmọ wí.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Láwọyin rí òjòlá nínú koríko. Ó ké "Kẹ́!" Àwọn tó rò pé àṣá ló ń bọ̀ sá wọ inú koríko, òjòlá sì gbé àbúrò ọba mì. Kò pẹ́ sígbà náà ni àṣá dé. Láwọyin tún ké "Kẹ́!" Àwọn tí ọ̀rọ̀ òjòlá ti kọ́ lọ́gbọ́n fò sókè, àṣá sì ń mú wọn bí ẹni ń ká èso.

Ọba pe ìgbìmọ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó Láwọyin, tọrọ àyè, ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ jẹ́ kí 'Kẹ́' dúró fún ewu òkè, kí 'Kẹ́-kùn' sì dúró fún ti ilẹ̀. Àwa abo lè ké méjèèjì. Ẹ gbà wá láyè kí á máa ṣọ́ ìlú."

Ọ̀tún ọba, arúgbó tí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ ti ń re, dìde tìbínú-tìbínú. "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ náà dára, ẹni tó sọ ọ́ ni kò dára. Láyé baba wa, ta ló gbóhùn abo níta? Bí àṣá bá gbọ́ pé àwọn obìnrin ló ń ṣọ́ wa, ṣé yóò tún bọ̀wọ̀ fún wa?"

"Èyí tó ń jẹ wá yìí," ni Àwẹ̀ró dáhùn, "ṣé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi ń jẹ wá ni, bàbá?"

Wọ́n ní kó jókòó. Láwọyin wo ilẹ̀. Ọba wá dájọ́ pé gbogbo ìjòyè gbọ́dọ̀ kọ́ ohùn tó pín sí méjì náà kí oṣù tó lé, àti pé òun fúnra òun yóò kọ́ ọ.

Láwọyin gbìyànjú títí. Ó lọ sí ìsàlẹ̀ odò níbi tẹ́nìkan ò ti lè rí i, ó dijú, ó ké: "Kẹ́... kẹ́... kẹ́..." Èyí tó kù há sí i lọ́nà ọ̀fun, ó sì húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jẹ ata, ó mumi òjò, kò yọrí sí nǹkan kan. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé gbogbo ìjòyè tó bá pàdé ló ń ṣògo pé àwọn ti mọ̀ ọ́n ké.

Nígbà tí kò mọ èyí tí yóò ṣe mọ́, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, jọ̀wọ́, bá mi sá pamọ́ sínú igbó lẹ́yìn mi. Bí mo bá ti yanu, kí o ké."

Àwẹ̀ró kọjú sí i. "Bàbá Àjàgbé, ṣebí ẹ wà ní ìgbìmọ̀ nígbà tí wọ́n ní kí n jókòó?"

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ó dáa. Nítorí àwọn ọmọ ni mo fi máa ṣe é o."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọba ló kọ́kọ́ yanu lórí ìtẹ́, "Kẹ́-kùn!" sì dún kíkankíkan. Àwọn ìjòyè tò tẹ̀ lé e, oníkálukú níwájú igbó tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣì í ké. Inú ìlú dùn, wọ́n da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o kún ẹnu ni òjòlá yọ orí létí odò.

"Kẹ́-kùn! Kẹ́-kùn! Kẹ́-kùn!"

Gbogbo ìlú fò gun orí igi. Òjòlá wá ilẹ̀ títí, kò rí ẹyọ kan mú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkàn balẹ̀ tán, ọba wo àwọn ìjòyè rẹ̀ lórí ẹ̀ka. Àgbàdo ló kún ẹ̀kẹ́ gbogbo wọn. "Ta ló ké nínú yín?" Ìgbà náà ni ọba kíyè sí i pé ẹ̀gbẹ́ ìjòyè kọ̀ọ̀kan ni ìyàwó rẹ̀ bà sí, ewé igbó ṣì wà lórí gbogbo wọn. Ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀tún tiẹ̀ ń húkọ́ nítorí igbe tó ké. Ọba fẹ́ fìbínú sọ̀rọ̀. Ó yíjú, ó rí Olorì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń gbọn ekuru ẹ̀yìn ìtẹ́ kúrò ní ìyẹ́. Ọba gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Lọ́jọ́ kejì, ó kéde pé ẹni tó bá ní ohùn ni kó máa ṣọ́ ìlú.

"Kí wá ni iṣẹ́ tiwa, Kábíyèsí?" ni Ọ̀tún bèèrè.

Olorì ló dá a lóhùn. "Ẹyin ń bẹ nílẹ̀, bàbá, kò sẹ́ni tí yóò sàba lé wọn."

Báyìí ni Àwẹ̀ró ṣe wà lórí ẹ̀ka, tí Láwọyin sì jókòó lórí ẹyin nínú ìtẹ́ wọn nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri. Ìjòyè kan tó ń kọjá rẹ́rìn-ín sí i: "Láwọyin, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Iṣẹ́ ìlú ni," ni Láwọyin wí.

Kò tíì pa ẹnu dé tí ohùn ìyàwó rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ látòkè: "Kẹ́!" Ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó na ìyẹ́ bo àwọn ẹyin náà dáadáa. Òjìji àṣá gba orí ìtẹ́ náà kọjá, ó lọ. Láwọyin kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó yẹ kóun sá sí.