Ìkíni Tí Mo Ń Fi Àtàǹpàkò Yí

Ìyá Tolú, má tíì dìde, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Ṣé o rántí áàpù ìkíni tí mò ń ṣe, tí mo yọ kíbọ́ọ̀dù kúrò nínú rẹ̀, tí mo wá to ìkíni sójú fóònù kí èèyàn kàn máa fi ìka yí i, kó mú èyí tó bá wù ú? Lójú àlá, ọkọ Àǹtí Ṣadé, àbúrò màmá mi, kú, mo sì lọ bá Àǹtí kẹ́dùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi bí ẹnu mi ṣe di ojú fóònù. Mo fi àtàǹpàkò yí ètè mi, ó ní, "Ẹ kú oríire." Mo tún un yí, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn àgbà tó jókòó ń wolẹ̀. Bí mo ṣe ń yí i ni ètè mi ń gùn sí i, ó balẹ̀, ó gba orí ẹní kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ń wọlé sì ń gbẹ́sẹ̀ ré e kọjá. Ojú tì mí dọ́ba. Àǹtí dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣáà bá mi sunkún." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹkún láàárín àwọn ìkíni náà, n kò rí i, ni mo bá jí.